Bí Òfin Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Gba Àtúnṣe ní Ìṣàlẹ̀ Èkó

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó, ìlú náà ti ní òfin tó fi ń ṣàkóso ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìṣe àti ìrántí àwọn àgbà ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, kì í ṣe inú ìwé. Ọba wà ní Ìga Ìdúngànrán, ọ̀wọ́ mẹ́rin àwọn ìjòyè onífìlà funfun sì yí i ká: àwọn Akárìgbẹ̀rẹ̀ ló ń yan ọba, àwọn Ògáládé ló mọ ọ̀nà ètùtù àti ìwòsàn, àwọn Abàgbọ́n ni olórí ogun, àwọn Ìdẹ́jọ ló sì ni ilẹ̀. Orí ọ̀wọ́ tó gbẹ̀yìn yìí ni púpọ̀ nínú ìtàn òfin Èkó dúró lé. Àwọn Ìdẹ́jọ, irú bí Olúwa, Arómirẹ́, Olótó àti Olúmẹ̀gbọ́n, ka ara wọn sí ọmọ Ọlọ́fin tó tẹ ilẹ̀ náà dó kí ìdílé ọba tó ti Ìbíní wá; nítorí náà, ọba ló ń jọba lórí ènìyàn, ìdílé ló ni ilẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Èkó fi ń sọ ọ́ títí dòní pé inú oko ata Arómirẹ́ ni wọ́n kọ́ ìga sí. Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀ a tọ olórí ìdílé lọ, olórí ìdílé náà kò sì lè dá ilẹ̀ tà kó kó owó rẹ̀ sápò, nítorí alámòójútó ló jẹ́ fún àwọn tó wà láyé àti fún àwọn tí a kò tíì bí.

Ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rọ̀jò ìbọn lé Èkó lórí, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n sì dá Akítóyè padà, wọ́n ní òwò ẹrú làwọn fẹ́ pa rẹ́. Ọdún mẹ́wàá kò tíì pé lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi fẹ́ gba ìlú náà gan-an. Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, ló wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. William McCoskry, tó ń ṣe adelé kọ́ńsúlù, àti Bedingfield, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Prometheus, gbé ọ̀rọ̀ náà ka ọba níwájú, wọ́n sì jẹ́ kó yé e pé ìbọn wà nílẹ̀ bí kò bá gbà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ọba àti mẹ́rin nínú àwọn ìjòyè rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé tó fi erékùṣù Èkó àti ohun gbogbo tó rọ̀ mọ́ ọn lé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ títí láé. Àpò owó ẹyọ 1,200 lọ́dún, tí wọ́n dá lé nǹkan bí £1,030, ni wọ́n ṣèlérí fún un. Wọ́n gbà pé kó máa jẹ́ ọba lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn aláwọ̀ dúdú, kó sì máa dá ẹjọ́ láàárín àwọn ọmọ ìlú bí àwọn méjèèjì tó ń jà bá fẹ́, àmọ́ ẹni tí ìdájọ́ rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé e lọ síwájú òfin Gẹ̀ẹ́sì.

Gbólóhùn kan wà nínú ìwé àdéhùn yìí tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fara balẹ̀ wò. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ ta ilẹ̀, òǹtẹ̀ Dòsùnmú tó bá wà lára ìwé yóò jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ọmọ ìlú mìíràn tó tún ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ náà. Ọkàn ẹni tó kọ gbólóhùn yìí wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti gbà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ ṣáájú pé ọwọ́ ọba ni gbogbo onílẹ̀ ti gba ilẹ̀. Ní Èkó, ọba kò ní ohun tí wọ́n ní kó fi òǹtẹ̀ rẹ̀ jẹ́rìí sí. Bí Dòsùnmú bá tilẹ̀ fínnúfíndọ̀ fọwọ́ sí ìwé náà, èyí tí kò ṣe, kò lè fi ilẹ̀ Olúwa tàbí ilẹ̀ Olótó tọrẹ, nítorí kì í ṣe tirẹ̀. Àṣìṣe yìí ni ilé-ẹjọ́ lo nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún láti tún ṣe, àwọn ọmọ Èkó ló sì fi owó àti agídí wọn mú kí wọ́n tún un ṣe.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1863 ni wọ́n ṣe òfin tó kéde pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di òfin Èkó, ní ọdún yẹn kan náà sì ni wọ́n dá ilé-ẹjọ́ gíga sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n gbé Èkó sábẹ́ Sàró ní 1866, wọ́n gbé e sábẹ́ Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, ní 1874, wọ́n sì dá a dúró fúnra rẹ̀ ní 1886. Ìgbà tó wà lábẹ́ Gold Coast ni wọ́n ṣe Òfin Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti 1876, òun sì wà lára ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́ àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà lé. Òfin yìí kó nǹkan mẹ́ta wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: òfin tí àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń dá ẹjọ́ lé láti ayébáyé, ìlànà ẹ̀tọ́ tí wọ́n fi ń tu ẹni tí òfin líle bá há mọ́ nínú, àti àwọn òfin tí ilé aṣòfin wọn ti kọ sílẹ̀ fún gbogbo ìlú títí di ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1874, ọjọ́ tí wọ́n wá sún sí ọjọ́ kìíní ọdún 1900 nígbà tó yá. Ó tún ní kí adájọ́ máa lo òfin ìbílẹ̀, bí kò bá ti lòdì sí ohun tí ẹ̀rí ọkàn gbà pé ó tọ́ tàbí sí òfin mìíràn tí ìjọba ti ṣe. Ẹni tó ń pinnu ohun tí ẹ̀rí ọkàn gbà ni adájọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti òkè òkun.

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún òfin wọ̀nyí fa ìnira tí àwọn tó dá a kò rò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù tún gbogbo òfin ilẹ̀ wọn kọ ní 1925, àtúnṣe náà kò kan Èkó, nítorí ọjọ́ tí ó lè wọlé ti kọjá. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn mú púpọ̀ nínú àtúnṣe náà, ó fi ṣe òfin tirẹ̀ ní 1959, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, wọ́n sọ ọ́ di olú-ìlú ìjọba àpapọ̀; bí àwọn lọ́yà Èkó ṣe ń fi òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1881 kọ ìwé ilẹ̀ lọ nìyẹn, nígbà tí àwọn tó ṣe òfin náà ti pa á tì ní ilẹ̀ wọn.

Lórí ilẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Àwọn gómìnà àkọ́kọ́ ń fún ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ lórúkọ Ọbabìnrin, èyí tí àwọn amòfin mọ̀ sí Crown Grant, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì fi hàn bí ẹni pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ nìkan ló ni ilẹ̀ náà pátápátá. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ padà láti Ẹ̀pẹ́ ní 1862, tí Òṣòdì Tápà balógun rẹ̀ àti àwọn ènìyàn wọn sì tẹ̀ lé e, Glover, ọ̀kan nínú àwọn gómìnà náà, fi wọ́n sí ibi tí à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, wọ́n pín ibẹ̀ sí agbo ilé 21, wọ́n sì fún àwọn olórí agbo ilé ní ìwé. Àwọn olórí yìí gba ìwé náà fún gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn wọn, títí kan àwọn àrótà, ìyẹn àwọn ẹrú àtijọ́ àti ọmọ wọn tó ti di ara ilé. Àmọ́ nígbà tí owó ilẹ̀ gòkè, tí àwọn olórí àkọ́kọ́ sì ti kú, àwọn ọmọ wọn kan gbé ìwé náà jáde pé orúkọ bàbá àwọn nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹjọ́ rẹ̀ kún ilé-ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ọ̀nà àbáyọ títí ìjọba fi rán Sir Mervyn Tew láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn ìwádìí rẹ̀ ni wọ́n ṣe àwọn òfin 1947 lórí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, lórí ilẹ̀ tí Glover pín àti lórí ìwé ilẹ̀ àwọn àrótà.

Ohun kan wà tí àwọn adájọ́ tètè mọ̀, a sì gbọ́dọ̀ yìn wọ́n fún un: pé àwọn gbọ́dọ̀ béèrè ìṣe ìbílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé, tí ìdájọ́ rẹ̀ wáyé láàárín 1908 sí 1909, ọ̀rọ̀ ilé ìdílé Mábìnúorí ló wà nílẹ̀. Olóyè náà ti kú láti 1874, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń jà lórí ẹni tó láṣẹ lórí agbo ilé náà. Ilé-ẹjọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé nígbà tí olùdásílẹ̀ ìdílé bá kú, àkọ́bí ọkùnrin, Dáwódù, ni yóò di olórí ìdílé. Bí Dáwódù bá sì kú, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ olùdásílẹ̀ tó kù ni ipò kàn, ìbáà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ lákòókò yẹn, bí bàbá bá kú láìkọ ìwé ìhágún, àkọ́bí ọkùnrin ló ń kó gbogbo ilẹ̀. Ọdún 1925 ni wọ́n tó fòpin sí i. Ìṣe Èkó tí wọ́n ní kó wá jẹ́jọ́ níwájú ẹ̀rí ọkàn ti ṣáájú òfin adájọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin.

Ẹjọ́ tó gbé ọ̀rọ̀ Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù ni ti Olóyè Àmódù Tìjání, Olúwa ti Èkó. Ní 1913, ìjọba lo Òfin Ilẹ̀ Ìlú ti 1903, èyí tó fún un láṣẹ láti gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbo ènìyàn kí ó sì san owó gbà-má-bínú, láti gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá. Ìjọba kò sọ pé òun kò ní sanwó. Ohun tó sọ ni pé olóyè kì í ṣe onílẹ̀, pé àkóso lásán ló ní lórí àwọn tó ń gbé ibẹ̀, pé owó àkóso yẹn nìkan ló tọ́ sí i. Ilé-ẹjọ́ Èkó gbè sẹ́yìn ìjọba. Olúwa kò gbà. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ, ó ń ṣe akọ̀wé àti ògbufọ̀ fún un, láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn síwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba tí wọ́n ń pè ní Privy Council, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fún gbogbo ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní oṣù Keje ọdún 1921, Lord Haldane ka ìdájọ́. Ó kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ pé wọ́n máa ń fẹ́, nígbà mìíràn láìmọ̀, láti túmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò bá nǹkan kan mu àyàfi òfin Gẹ̀ẹ́sì, pé wọ́n gbọ́dọ̀ kó ara wọn ní ìjánu. Ó ní èrò pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni ilẹ̀ ṣàjèjì sí àwọn ènìyàn ibẹ̀, ìdílé tàbí ìlú ló ni ín. Ó ní àdéhùn 1861 gbé ìjọba fún Ọbabìnrin, kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, nítorí pé ìyípadà ìjọba nìkan kò tó láti pa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ rẹ́. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣírò owó náà bí ẹni pé olóyè ń fi ilẹ̀ náà lé ìjọba lọ́wọ́ tọwọ́-tẹsẹ̀, kí òun náà sì pín in fún àwọn ènìyàn rẹ̀ bí ìṣe ìbílẹ̀ ṣe là á sílẹ̀. £22,500 ni wọ́n san níkẹyìn. Òǹtẹ̀ tí wọ́n ní kí Dòsùnmú máa tẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún ṣáájú ti di òfo.

Macaulay kò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́ òfo. Ó mú ọ̀pá àṣẹ tí Ọbabìnrin Victoria fún Dòsùnmú dání, fàdákà wà lára rẹ̀, Ọba Èṣùgbàyí Eléko ló sì fi lé e lọ́wọ́ kí ayé lè mọ̀ pé ilé ọba wà lẹ́yìn Olúwa. Nígbà tí ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù gbé e pé Eléko ni ọba lórí mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún ènìyàn Nàìjíríà, inú bí ìjọba, wọ́n ní kí Ọba sẹ́ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba bí àwọn ṣe fẹ́. Nígbà tí ohun tó ṣe kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n kéde ní òpin 1920 pé àwọn kò mọ̀ ọ́n ní ọba mọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1925 wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ tipátipá, lábẹ́ òfin kan ti 1917 lórí ìyílọ àwọn ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè. Ohun mẹ́ta ni òfin náà béèrè: kí ẹni náà jẹ́ olóyè ìbílẹ̀, kí wọ́n ti rọ̀ ọ́ lóyè, kí ìṣe ìbílẹ̀ sì sọ pé ẹni tí wọ́n rọ̀ gbọ́dọ̀ fi ìlú sílẹ̀.

Àwọn ará Èkó gbé ìjọba lọ sílé-ẹjọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni ìwé àṣẹ àtayébáyé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní habeas corpus, èyí tó ń fipá mú ẹni tó há ènìyàn mọ́ láti gbé e wá síwájú adájọ́ kó sì sọ òfin tó fi há a mọ́. Àwọn adájọ́ Èkó ní àwọn kò lè wo ẹ̀yìn àṣẹ gómìnà. Ní 1928 Privy Council sọ pé olúkúlùkù adájọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá mú un wá síwájú rẹ̀. Ẹjọ́ náà padà sí Èkó, ó tún padà sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó sì di 1931 Lord Atkin là á mọ́lẹ̀ pé kò sí aláṣẹ ìjọba kankan tó lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun ìní ènìyàn, àfi bó bá lè fi hàn níwájú adájọ́ pé òfin fún òun láṣẹ, àti pé adájọ́ kò gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ojú gómìnà. Lórí ìṣe ìbílẹ̀, ó ní ohun tí àwọn ènìyàn ìlú gbà ló ń sọ ọ́ di òfin. Kí wọ́n tó parí gbogbo ẹjọ́ tó kù, Gómìnà Donald Cameron jẹ́ kí Èṣùgbàyí padà sílé ní ọdún yẹn kan náà, ó sì wọ ìga kó tó wàjà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1932.

Ní 1941, bọ́ǹbù ń rọ̀ lórí Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń há àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ láìsọ ìdí. Nígbà tí ẹjọ́ Liversidge, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n há mọ́, dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ náà, nínú adájọ́ márùn-ún, Lord Atkin nìkan ló dúró lórí ohun tó ti sọ fún Eléko. Nígbà tó yá, ilé-ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ gbà pé Atkin ló tọ̀nà. Ìlànà tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi yangàn pé òun ló ni ín yìí, ọba Èkó tí wọ́n lé lọ sí Ọ̀yọ́ ló jẹ́ kí Atkin ní àǹfààní láti là á sílẹ̀ ní kedere ṣáájú ogun náà.

Ìjà lórí ìwé òfin ìjọba ń lọ pẹ̀lú ti ilé-ẹjọ́. Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti wà ní Èkó láti ìgbà Gómìnà Freeman, ṣùgbọ́n gómìnà ló ń yan àwọn tó wà níbẹ̀. Àwọn bíi Àlùfáà James Johnson àti C. J. George, tí wọ́n yàn ní 1886, lè sọ̀rọ̀, ìbò wọn kò lè borí ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Òfin ìjọba ti Clifford ní 1922 ló kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n dìbò yan ènìyàn: nínú ọmọ ìgbìmọ̀ 46, mẹ́rin péré ni ìbò, mẹ́ta fún Èkó, ọ̀kan fún Kàlàbá. Ọkùnrin tó ti pé ọmọ ọdún 21, tó ti gbé ìlú fún oṣù méjìlá, tí owó tó ń wọlé fún un sì tó £100 lọ́dún nìkan ló lè dìbò. Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú Nigerian National Democratic Party sílẹ̀ ní 1923, ẹgbẹ́ náà sì gba gbogbo ìjókòó Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò lè dupò nítorí ẹjọ́ tí wọ́n ti dá a lẹ́bi rí.

Obìnrin kò sí nínú ìwé òfin 1922 náà rárá. Nígbà tí ìjọba sọ ní 1940 pé obìnrin tí owó rẹ̀ bá tó £50 lọ́dún gbọ́dọ̀ san owó orí, Àlìmọ́tù Pẹ́lẹ́wùrà, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó tó ń tajà ní Eréko, kó wọn jáde pé ẹni tí wọn kò jẹ́ kó dìbò kò yẹ ní ẹni tí wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba gbé iye náà sókè sí £200, èyí tó yọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Ìbò gan-an kò dé ọwọ́ obìnrin Èkó títí di 1950, nígbà tí òfin tuntun lórí ìgbìmọ̀ ìlú fún gbogbo àgbàlagbà ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, tí Dókítà Ibíyinká Ọlọ́runnímbẹ̀ sì di Méyọ̀ àkọ́kọ́.

Ẹjọ́ ilẹ̀ tó kẹ́yìn tí Ìṣàlẹ̀ Èkó gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tó sì jẹ́ mánigbàgbé ni ti ìga fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi Adéníjì Adélé jọba ní 1949, Adéyínká Oyèkàn àti àwọn ọmọ Dòsùnmú mìíràn ní ilé bàbá àwọn ni Ìga Ìdúngànrán, wọ́n sì gbé ìwé ilẹ̀ tí gómìnà fún Dòsùnmú lórúkọ Ọbabìnrin ní 1870 jáde. Ní 1957 Lord Denning dáhùn pé ìwé náà kò yí ìṣe ìlú padà, pé ẹni tí wọ́n bá fi jọba lọ́nà tó tọ́ ni ìga wà fún, ó sì tún un sọ pé ohun tí ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ gbà ni pé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ohun ìní àwọn tó bá nílẹ̀. Oyèkàn fúnra rẹ̀ jọba lẹ́yìn Adélé, ó sì wọ inú ìga náà.

Ìdájọ́ Olúwa kò dúró sí Àpápá. Ní 1973, nígbà tí àwọn Nisga'a béèrè ilẹ̀ baba wọn ní Kánádà, àwọn adájọ́ ibẹ̀ tú u jáde. Ní 1992, nígbà tí ilé-ẹjọ́ gíga Ọsirélíà gbà nínú ẹjọ́ Mabo pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ní ilẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, orúkọ Àmódù Tìjání wà nínú ìdájọ́ náà.

Ní Nàìjíríà, wọ́n fòpin sí gbígbé ẹjọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí orílẹ̀-èdè di olómìnira pátápátá ní 1963. Ní oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde, ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Wọ́n so òfin náà mọ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní 1979, wọ́n sì tún so ó mọ́ ti 1999, tó fi jẹ́ pé kò ṣeé yí padà àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin àgbà àti kékeré bá fọwọ́ sí i, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì gbà á. Ààrẹ Umaru Yar'Adua fi àbá àtúnṣe ránṣẹ́ ní 2009. Kò di òfin. Lábẹ́ abala 29 òfin náà, bí ìjọba bá gba ilẹ̀, owó ilé, irè oko àti ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sórí rẹ̀ ni yóò san. Fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ju owó ilẹ̀ tí onílẹ̀ san fún ìjọba ní ọdún tí wọ́n gbà á lọ. Bí wọ́n bá wá gba ilẹ̀ Olúwa ní Àpápá lónìí, ìṣirò tí Lord Haldane pàṣẹ ní 1921 kò ní kàn án.